Dróònù, bàálù àbí sátẹ́láìtì ọ̀fẹ́: èwo ni kí n fi ya máàpù igbó etí òkun?

Ìbéèrè láti Ògbómọ̀ṣọ́:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Mò ń ṣe ìwádìí Master's lórí igbó máńgróòfù (àwọn igi tó ń hù nínú ẹrẹ̀ etí omi iyọ̀) ní etí òkun Ìlàjẹ, mo fẹ́ ya máàpù ibi tí igbó yẹn kù sí àti ibi tí koríko àti ewéko míì ti gbà lọ́wọ́ ẹ̀. Ọ̀gá mi ní kí n lọ gba àwòrán sátẹ́láìtì ọ̀fẹ́ kí n jókòó ti kọ̀ǹpútà mi. Ọ̀rẹ́ mi tó ní dróònù ní àwòrán ọ̀fẹ́ ò lè fi nǹkan kan hàn mí, kí n sanwó kí òun bá mi fò ó. Bàbá mi ní tiwọn ń bi mí pé kí ni ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ń wá létí òkun. Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀ nínú wọn? Owó tó wà lọ́wọ́ mi ò pọ̀ o, ẹ jọ̀ọ́.

*

Sọ̀féyọ̀ Ọ̀yọ́:

Àbúrò, kó o tó dá ẹnikẹ́ni lóhùn nínú wọn, kí lo fẹ́ kí máàpù yẹn yà sọ́tọ̀ sí kí ni? Ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí wà. Iṣẹ́ ilẹ̀ àti ààlà ni mò ń ṣe lójoojúmọ́ ní Ọ̀yọ́ níbí, School of Surveying ni mo ti kọ́ ọ, àmọ́ mo ti bá àwọn kan lọ ṣe irú iṣẹ́ yìí ní Ìlàjẹ, torí náà ohun tí mo fojú rí ni mo fẹ́ sọ.

Wò ó báyìí. Àwòrán Landsat, ọ̀kan nínú àwọn sátẹ́láìtì ọ̀fẹ́, píksẹ̀lì kan nínú ẹ̀, ìyẹn ẹyọ igun kékeré kan tí àwòrán pín sí, jẹ́ mítà 30 sí mítà 30. Ìyẹn 900 mítà onígun mẹ́rin. Pulọ́ọ̀tì 50 sí 100 ẹsẹ̀ tí gbogbo wa mọ̀ ò tó 470, tó túmọ̀ sí pé o máa kó pulọ́ọ̀tì méjì sínú píksẹ̀lì kan ṣoṣo, àwọ̀ kan ṣoṣo ló sì máa fún ẹ. Sentinel-2, sátẹ́láìtì ọ̀fẹ́ kejì, sàn jùyẹn lọ, mítà 10 ni tiẹ̀, píksẹ̀lì mẹ́rin sí márùn-ún ló máa wọ inú pulọ́ọ̀tì kan. Tó bá jẹ́ igbó ńlá tó tẹ́ lọ bẹẹrẹ lo fẹ́ wọ̀n, pé mélòó ló kù, mélòó ló ti lọ láti ọdún báyìí sí ọdún báyìí, ọ̀gá ẹ ló jàre, Landsat wà láti 1972, ọ̀fẹ́ ni, dróònù kankan ò lè fún ẹ ní àná. Àmọ́ máńgróòfù tó bá ṣẹ́kù létí kánàálì, tí ò fẹ̀ ju mítà mélòó kan lọ, omi lápá kan, ẹrẹ̀ lápá kejì, sátẹ́láìtì á po gbogbo ẹ̀ pọ̀, á sì pè é ní nǹkan tí kì í ṣe. Ọ̀rẹ́ ẹ náà jàre níbẹ̀ yẹn.

Ìmọ̀ràn tèmi: fi sátẹ́láìtì wo gbogbo ẹ̀, fò dróònù níbi mélòó kan tó o bá fara balẹ̀ yàn, kó o sì kó èyí tó pọ̀ jù nínú owó ẹ sórí ọkọ̀ ojú omi àti ẹni tó máa tù ú. Mo máa padà sórí ìyẹn, torí ibẹ̀ ni àwọn èèyàn ti máa ń bá mi jà.

*

Sọ̀féyọ̀ Ọ̀yọ́:

Ẹnì kan bi mí lábẹ́ èyí tí mo kọ pé ṣebí ewé ni ewé, gbogbo ẹ̀ ló tutù yọ̀yọ̀, báwo ni kámẹ́rà tó wà lókè ṣe máa mọ èyí tó jẹ́ máńgróòfù. Ìbéèrè tó dáa nìyẹn o.

Ewé tó bá yè dáadáa máa ń gba ìmọ́lẹ̀ pupa mọ́ra, á sì ta infrared padà sókè gan-an, infrared ni ìmọ́lẹ̀ tó wà lẹ́yìn pupa tí ojú wa ò rí. Omi ní tiẹ̀ máa ń gbé infrared mì. Ìdí nìyẹn tí omi fi máa ń dúdú kirikiri nínú àwòrán bẹ́ẹ̀ tí igbó á sì tàn. Láti ya igbó kúrò lára omi, ọmọ ọdún àkọ́kọ́ máa ṣe é. Àárín ewé sí ewé ni wàhálà wà.

Ẹ ṣáà mọ̀ pé ojú oró ní í lékè omi, òṣíbàtà ní í lékè odò. Ẹ wá fi hyacinth kún un, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ rí ní Badagry ní 1984 kó tó gba gbogbo ọ̀sà wa kan. Àwọn wọ̀nyí máa ń tẹ́ bo omi, wọ́n á fara ti máńgróòfù pẹ́kípẹ́kí, kámẹ́rà á wá rí ewé tútù níbí, ewé tútù lọ́hùn-ún, á kùn wọ́n láwọ̀ kan náà. Mo rí ibì kan lójú kọ̀ǹpútà tó dà bíi pé igbó ti fẹ̀ wọnú kánàálì, gbogbo wa sì ń dunnú, nígbà tí àwòrán míì dé ibẹ̀ ti padà di omi. Igbó kì í rìn. Hyacinth ló bá omi lọ.

Gíga ló yanjú ẹ̀. Tí dróònù bá ń ya fótò tí fótò kan ń gun orí èkejì dáadáa, kọ̀ǹpútà lè fi wọ́n ṣírò bí nǹkan ṣe ga tó. Hyacinth á tẹ́ sílẹ̀ bẹẹrẹ, máńgróòfù á dúró. Ó tún ran wá lọ́wọ́ níbi tí àwọn èèyàn ti gé máńgróòfù tí fern ńlá, ewéko ẹrẹ̀ kan, ti hù rọ́pò ẹ̀, torí fern yẹn lè ga tó èèyàn àmọ́ kò lè ga tó igi tó ti dàgbà. Lójú sátẹ́láìtì, ewé ni gbogbo ẹ̀.

Àwọn tó lówó máa ń lo kámẹ́rà hyperspectral nínú bàálù, irú CASI tí wọ́n ṣe ní Kánádà àbí AVIRIS ti NASA tó ń pín ìmọ́lẹ̀ sí ọ̀nà 224. Ìyẹn lè ya oríṣi igi kan sọ́tọ̀ kúrò lára òmíì. Fún Master's, kámẹ́rà dróònù tó ní infrared àti red edge (ìmọ́lẹ̀ tó wà láàárín pupa àti infrared) tó ẹ.

Kí n má gbàgbé ọ̀pẹ nipa. Láti ọgbà ewéko Singapore ni wọ́n ti gbé e wá sí Calabar ní 1906, tí wọ́n tún gbìn ín sí Oron ní 1912, wọ́n rò pé ó máa di etí omi mú. Lónìí ó ti lé máńgróòfù kúrò ní ilẹ̀ tó pọ̀ gan-an ní Niger Delta. Ó dùn mí púpọ̀, torí gbòǹgbò máńgróòfù ni ẹja ń sá sí, ibẹ̀ ni ìṣáwùrú ń lẹ̀ mọ́, àwọn apẹja ò sì rí irú ẹ̀ lábẹ́ nipa. Látòkè tí dróònù bá fò lọ sílẹ̀ díẹ̀, o ò lè ṣì í mọ̀, imọ̀ ẹ̀ gùn, á ti ìdí tàn káàkiri bí ìràwọ̀. Nínú píksẹ̀lì mítà 30, wọn ò yàtọ̀.

*

Sọ̀féyọ̀ Ọ̀yọ́:

Sí bọ̀dá tó ní kí gbogbo wa fi kámẹ́rà sílẹ̀, pé lidar ló layé báyìí, pé bàálù á fi lésà wo ìsàlẹ̀ omi títí dé yanrìn.

Òótọ́ ni, àmọ́ kì í ṣe nínú omi tiwa. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé: lésà méjì ni, infrared á ba ojú omi á padà, èyí tó ní àwọ̀ ewé á wọnú omi lọ kan ilẹ̀ kó tó padà, wọ́n á fi ìyàtọ̀ àkókò méjèèjì ṣírò jíjìn omi. Níbi tí omi ti mọ́, bíi Florida àti Australia, ó lè lọ ju mítà 40 lọ sísàlẹ̀, wọ́n sì ti fi ya máàpù iyùn òkun àti koríko abẹ́ omi. Omi ọ̀sà tiwa nígbà òjò pọ́n bíi tíì tí wọ́n ti da mílíìkì sí. Ẹrẹ̀ tó wà nínú omi yẹn ló máa fọ́n lésà káàkiri, kò ní dé ìsàlẹ̀.

O ò nílò bàálù láti mọ èyí. Gba àwo funfun, so ó mọ́ okùn tó o ti sàmì sí, sọ ọ́ sínú omi díẹ̀díẹ̀ títí wàá fi ṣíwọ́ rírí i. Ìwọ̀n yẹn lọ́nà méjì sí mẹ́ta ni lésà máa dé. Tí àwo bá pòórá ní ìdajì mítà, mítà kan sí kan ààbọ̀ lo máa rí gbà lẹ́yìn gbogbo owó yẹn. Fi ọ̀pá wọ̀n ọ́n.

Lidar lórí igbó fúnra ẹ̀, ìyẹn bọ̀ sí i. Ó máa sọ gíga igi fún ẹ, lésà díẹ̀ sì máa ń yọ́ gba àárín ewé dé ilẹ̀. Ṣùgbọ́n tí omi bá kún, ilẹ̀ wo ló máa bá níbẹ̀? Ẹ jẹ́ kí omi fà kẹ́ ẹ tó fò.

*

Sọ̀féyọ̀ Ọ̀yọ́:

Mo rí i tí wọ́n ń sọ pé nǹkan tuntun ni kéèyàn máa ya máàpù látòkè, pé àwọn òyìnbó ló kó dróònù dé láìpẹ́ yìí. Rárá o. Ní 1976 sí 1977, bàálù tó gbé rédà fò bo gbogbo Nàìjíríà, iṣẹ́ NIRAD ni wọ́n ń pè é, ibẹ̀ ni wọ́n ti rí máàpù igbó àti ìlò ilẹ̀ gbogbo orílẹ̀-èdè. Rédà ni wọ́n lò torí pé rédà ń la ìkùukùu kọjá, ẹni tó bá sì ti wá àwòrán etí òkun wa rí mọ ohun tí mò ń sọ. Sentinel-2 ń kọjá lórí wa ní ọjọ́ márùn-márùn-ún, àmọ́ láàárín May sí October, ìkùukùu funfun báláú lo máa máa kó sílẹ̀. Dróònù ní tiẹ̀ abẹ́ ìkùukùu ló ń fò. Mo tiẹ̀ fẹ́ràn ọjọ́ tí ìkùukùu bo ojú ọ̀run délẹ̀, kò sí òjìji, oòrùn ò ní máa kọ mànà lójú omi. Tí oòrùn bá wà, àárọ̀ ni kó o fò, torí lọ́sàn-án gangan omi á funfun nínú fótò bíi pé wọ́n sun ún.

Fótò bàálù àtijọ́ tún wà lọ́dọ̀ àwọn sọ̀féyọ̀ ìjọba àpapọ̀. Àbúrò, béèrè fún un. Ìlú Ayétòrò tí wọ́n tẹ̀ dó ní 1947, tí òkun ń jẹ lọ títí dòní, fótò àtijọ́ bẹ́ẹ̀ ló lè fi ibi tí etí òkun wà nígbà náà hàn ẹ́.

*

Sọ̀féyọ̀ Ọ̀yọ́:

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní dróònù tẹ́ ẹ ní kò sí ìṣòro, ẹ gbọ́ eléyìí, torí pápá bọ́ọ̀lù lọ̀pọ̀ yín ti fò ó rí.

Lórí omi, inú ọkọ̀ lo ti máa gbé e sókè. Dróònù á mọ ibi tó ti gbéra gẹ́gẹ́ bí ilé. Ọkọ̀ yín á máa bá omi lọ díẹ̀díẹ̀, ẹ ò ní fura, bátìrì á lọ sílẹ̀, dróònù á ní òun ń lọ sílé, ilé yẹn á sì ti di àárín omi. Kí ẹni tó ń fò ó máa yí ibi ilé padà sí ọ̀dọ̀ ara ẹ̀ lóòrèkóòrè. Ẹnì kan ló máa dìde dúró lẹ́yìn ọkọ̀, á wọ ìbọ̀wọ́ tó nípọn, á gbé ọwọ́ sókè, á dì í mú lábẹ́ ikùn kó tó paná, atukọ̀ á sì fi àjẹ̀ di ọkọ̀ mú pé kó má mì. Ẹ ti kọ́kọ́ fi ṣe ìdánrawò lórí ilẹ̀ kẹ́ ẹ tó dé odò.

Omi lásán ò ṣeé lẹ̀ pọ̀. Kọ̀ǹpútà ń wá ohun tó jọra nínú fótò méjì kó tó lè so wọ́n, ìgbì omi ò sì jọra lẹ́ẹ̀mejì. Rí i dájú pé igi àbí ilẹ̀ wà nínú fótò kọ̀ọ̀kan, jẹ́ kí fótò gun ara wọn tó ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún. Bọ́ọ̀dù funfun òun dúdú tí à ń tẹ́ sílẹ̀ fún sọ̀féè nílé, tí a fi ń so fótò mọ́ ibi gangan tó wà lórí ilẹ̀, tó o bá tẹ́ ẹ sórí ẹrẹ̀ Ìlàjẹ, ẹrẹ̀ á gùn ún kó o tó yíjú padà. Orí òpó mẹ́rin tó o ti gbá wọlẹ̀ lo máa kàn án mọ́.

*

Sọ̀féyọ̀ Ọ̀yọ́:

Ọ̀rọ̀ bàbá rẹ. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi wọ́n rẹ́rìn-ín, torí ọ̀pọ̀ àgbà ní Ọ̀yọ́ níbí náà ń bi mí pé kí ni mò ń wá létí òkun.

Sọ fún wọn pé odò Ọbà tó ń ṣàn lọ́dọ̀ yín ní Ògbómọ̀ṣọ́, inú Ọ̀ṣun ló ń lọ, Ọ̀ṣun sì ń wọ inú ọ̀sà Lẹ́kí. Odò Ògùn láti apá Ṣakí wọ inú ọ̀sà Èkó. Ẹrẹ̀ tí òjò fọ̀ kúrò ní oko wa tí a gé igi ibẹ̀, ibẹ̀ ló ń lọ. Yanrìn tí ìdídò (dáàmù) Ìkẹ̀rẹ̀ àti Ọyán dá dúró, ibẹ̀ ni kò dé mọ́. Etí òkun sì ń jẹ yanrìn o. Láàárín 1908 sí 1912 ni wọ́n mọ ògiri òkúta wọ inú òkun lẹ́nu èbúté Èkó kí ọkọ̀ ńlá lè wọlé. Ìgbì òkun wa láti ìwọ̀ oòrùn ló ń ru yanrìn lọ sí ìlà oòrùn, ògiri yẹn dá a dúró, etí òkun tó wà ní ìwọ̀ oòrùn ẹ̀ sanra, Bar Beach tó wà lódìkejì bẹ̀rẹ̀ sí í ru, ọdún lẹ́yìn ọdún, títí omi fi wọ títì. Ẹni tó wà lókè odò lẹ́tọ̀ọ́ láti mọ ibi tí omi òun ń lọ.

*

Sọ̀féyọ̀ Ọ̀yọ́:

Ó ti di ibi tí mo ní mo máa padà sí. Ẹnì kan kọ ọ́ síbí pé òun ti ya irú máàpù yìí láì kúrò lórí àga, pé kọ̀ǹpútà fún òun ní 90 nínú ọgọ́rùn-ún, kí la tún ń wá ọkọ̀ ojú omi lọ. Ọ̀pọ̀ ló ń ronú bẹ́ẹ̀, inú sì ń bí mi sí i, torí àwọn máàpù yẹn ni wọ́n ń gbé lọ síwájú ìjọba pé igbó ò bàjẹ́.

Ká ṣírò ẹ̀ pọ̀. Ká ní o yẹ ibi 100 wò lórí máàpù. 80 nínú ẹ̀ jẹ́ omi, kọ̀ǹpútà gba gbogbo 80 yẹn, ta ni kò mọ omi. 20 tó kù jẹ́ máńgróòfù àti fern, ó gba 10, ó ṣi 10. Àpapọ̀ ẹ̀ jẹ́ 90. Máàpù tó kàn ń méfò nípa ohun kan ṣoṣo tí o tìtorí ẹ̀ ya á, o ní ó gba 90! Má fi àpapọ̀ nìkan sínú ìwé ẹ. Fi tábìlì hàn, oríṣi kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, mélòó ló jẹ́ máńgróòfù tí máàpù pè ní fern, mélòó ló jẹ́ fern tó pè ní máńgróòfù. Ibi tó o fi kọ́ kọ̀ǹpútà ò gbọ́dọ̀ jẹ́ ibi tó o tún máa fi dán an wò, torí ó ti mọ ìdáhùn ẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Báwo lo sì ṣe máa mọ ohun tó wà níbi 100 yẹn láìlọ? Fótò dróònù ń ràn ẹ́ lọ́wọ́, kò tó. Nígbà tí a lọ, bàbá apẹja kan ló tù wá. A dé ibì kan tí máàpù wa pè ní máńgróòfù, ewé ẹ̀ ṣú dáadáa látòkè. Bàbá ò tiẹ̀ wo máàpù. Wọ́n fi àjẹ̀ gún abẹ́ igi, wọ́n ní ẹ wò ó, gbòǹgbò ibí ti kú, ẹ wo bó ṣe ń fọ́, kò sí ẹyọ ìṣáwùrú kan lára ẹ̀, tó bá ti ṣe díẹ̀ ewé yìí á wọ́. Kámẹ́rà wo ló máa sọ ìyẹn fún ẹ? Ohun tó wà lábẹ́ ewé ni ibùgbé ẹja, orí ewé la sì ń yà láti òkè. Ẹ sanwó fún irú bàbá bẹ́ẹ̀ bí ẹ ṣe ń sanwó fún awadróònù, ẹ fi iye tí wọ́n ṣe sínú bájẹ́ẹ̀tì, kì í ṣe owó ọṣẹ.

Bọ̀dá, mi ò bá yín jà o. Àmọ́ mi ò gbà.

*

Sọ̀féyọ̀ Ọ̀yọ́:

Ìwé àṣẹ, kíákíá: NCAA, àjọ ìjọba tó ń rí sí ọkọ̀ òfurufú, ló ń ṣàkóso dróònù, ẹ tún máa nílò ìwé láti ọ́fíìsì olùdámọ̀ràn ààbò ìjọba àpapọ̀. Ó máa ń pẹ́, ẹ tètè bẹ̀rẹ̀. Etí òkun Ìlàjẹ ní epo rọ̀bì àti àwọn ọmọ ogun ojú omi, ẹ má gbé dróònù sókè níbẹ̀ láìní ìwé lọ́wọ́. Kẹ́ ẹ sì lọ kí àwọn àgbà ìlú kẹ́ ẹ tó ṣí àpótí yín, ẹ fi ohun tẹ́ ẹ fẹ́ yà hàn wọ́n lórí fóònù.

*

Sọ̀féyọ̀ Ọ̀yọ́:

Àbúrò tún béèrè oṣù tó dáa jù. Tó bá jẹ́ èmi, ìparí November sí ìbẹ̀rẹ̀ December ni. Òjò ti dá, ọyẹ́ ò tíì kó eruku bo ojú ọ̀run, hyacinth ṣì wà lórí omi, torí náà wo gíga dáadáa. Tí ọyẹ́ bá ti dé, fótò á ṣú, sátẹ́láìtì náà á ṣú. Kó o tó yan ọjọ́, wo tábìlì ìgbà tí omi máa fà, ní etí òkun wa ìyàtọ̀ àárín ìgbà tó kún àti ìgbà tó fà ò ju nǹkan bíi mítà kan lọ, àmọ́ lórí ilẹ̀ tó tẹ́ pẹrẹsẹ bẹ́ẹ̀, mítà kan yẹn lè bo ẹrẹ̀ àti gbòǹgbò tó lọ jìnnà. Wá ọjọ́ tí omi máa fà láàárín aago mẹ́jọ sí mẹ́wàá àárọ̀, kí oòrùn má tíì ga. Kì í pọ̀ lóṣù, torí náà ti bá atukọ̀ dá ọjọ́ méjì mẹ́ta, kí ìkejì lè wà tí afẹ́fẹ́ bá le lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Fi ọjọ́ tó o bá yàn ránṣẹ́ sí mi, mo ní òpó àti bọ́ọ̀dù tó kù nílé, wá kó wọn ní Ọ̀yọ́.